Oyún Mi Lórí Rédíò Gáréèjì

Nígbà tí ìpínlẹ̀ wa ṣì jẹ́ ọmọ tuntun, tí Adó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ olú-ìlú, Èmùré ni wọ́n gbé mi lọ ṣe tíṣà. Ìkẹ́rẹ́ ni ọkọ mi wà, tíṣà ni òun náà, ilé ìyá rẹ̀ la sì ń gbé. Ní ọjọ́ Ẹtì, màá wọ mọ́tò ní Èmùré, màá gba Ìsẹ̀ dé Ìkẹ́rẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni màá padà.

Ìyà ojú ọ̀nà yẹn kì í ṣe kékeré. Ọkọ̀ Ìkẹ́rẹ́ tó bá já èrò sí Èmùré kò gbọdọ̀ gbé èrò Èmùré padà, nítorí pé àwọn onílùú ló ni tọ́ọ̀nù, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti kó èrò níbẹ̀. Òfìfo ni yóò kọjá lójú wa, àwa á sì jókòó sábẹ́ páànù títí ọkọ̀ tiwọn yóò fi kún. Nígbà tó yá, àwọn alága gáréèjì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ jókòó, wọ́n ní àwọn yóò pa tọ́ọ̀nù pọ̀. Wọ́n jọ ra rédíò tí wọ́n lè fi máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, gáréèjì kọ̀ọ̀kan sì ri òpó irin gíga mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì. Bí ọkọ̀ bá gbéra ní Èmùré, ọkùnrin tó wà nídìí rédíò á sọ iye àyè tó ṣófo fún Ìsẹ̀, Ìsẹ̀ á kó èrò sílẹ̀ dè é, á sì sọ fún Ìkẹ́rẹ́. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ tán á ní "ófà" kí èkejì tó fèsì.

Inú gbogbo èrò ń dùn, àfi èmi. Ìbéèrè ọkùnrin tó wà nídìí rédíò ní Èmùré ló ń kọ mí lóminú. Níbo ni mo ti máa bọ́ sílẹ̀? Ṣé màá yà ní Ìsẹ̀? Ta ló ń dúró dè mí? Ilé tí wọ́n ti bí mi, a kì í fi ìrìn àjò han ayé. Bí ìyá mi bá ń lọ Àkúrẹ́, ohun tó máa ń sọ ni pé òun fẹ́ dé ìsàlẹ̀ ibẹ̀ yẹn. Mò ń dá ọkùnrin náà lóhùn pé iwájú ni mò ń lọ.

Ohun tí mò ń pa mọ́ ju ìrìn àjò lọ. Oyún méjì ti bàjẹ́ lára mi. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ti wà níbẹ̀, ọkọ mi nìkan ló sì mọ̀, yàtọ̀ sí dókítà mi ní Ìkẹ́rẹ́. Ẹni tí mo ń sá fún jù ni ìyá ọkọ mi. Kò bú mi rí, kò sì ṣe mí níbi tí mo lè nawọ́ sí. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀mejèèjì, òun ni mo kọ́kọ́ sọ fún, lẹ́ẹ̀mejèèjì náà ni oyún wálẹ̀ láìpẹ́ sígbà tí mo sọ ọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó rí ekòló, á sá. Mo pinnu pé lọ́tẹ̀ yìí, kò ní gbọ́ lẹ́nu mi.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ọkọ̀ wa dé Ìsẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ awakọ̀ kan ṣí ilẹ̀kùn, ó ní kí ọkùnrin tó jókòó níwájú dìde fún aláboyún. Mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló ń bá wí. Èmi ló ń wò. Ó ní Èmùré ló fi rédíò sọ pé aláboyún kan ń bọ̀, kí dírẹ́bà yẹra fún kòtò. Wọ́n rò pé oore ni wọ́n ṣe. Ọkùnrin Èmùré ti rí i pé mò ń tutọ́ ṣáá, ó sì ti fi tirẹ̀ kún un. Gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ páànù ló gbọ́, bẹ́ẹ̀ ohun tí Ìsẹ̀ bá ti gbọ́, Ìkẹ́rẹ́ ti gbọ́ ọ. Ìyá ọkọ mi ń ta epo pupa lẹ́nu gáréèjì Ìkẹ́rẹ́.

Nígbà tí mo délé, ojú rẹ̀ ni mò ń wò. Ó kí mi bó ṣe máa ń kí mi, ó bu oúnjẹ, mo ní mò ń gbààwẹ̀, kí n má baà jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo tún ń gbààwẹ̀. Kò bi mí ní nǹkan kan, àìbéèrè rẹ̀ sì tún bà mí lẹ́rù ju ìbéèrè lọ. Kí ló dé tí obìnrin tó máa ń bi mí bóyá iyọ̀ tó nínú ọbẹ̀ wá dákẹ́?

Láti ìgbà náà ni mo ti kẹ̀yìn sí gáréèjì. Màá rìn jáde lẹ́yìn ìlú, màá dá sóólè dúró, ìyẹn àwọn ọkọ̀ tó ń sá fún ẹgbẹ́, tí kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ wọn lórí rédíò. Nígbà tí ikùn kò ṣeé bò mọ́, mo yẹra fún ilé ọkọ mi pátápátá, òun ló ń wá bá mi ní Èmùré. Ọ̀dọ̀ dókítà nìkan ni mò ń lọ ní Ìkẹ́rẹ́, màá wọlé, màá jáde.

Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ni mo wà nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dé. Oyún náà kò tíì pé oṣù rẹ̀. A kò tíì dé Ìsẹ̀, inú sóólè ni mo sì wà. Dírẹ́bà fẹ́ já mi sẹ́yìn ìlú kí ẹgbẹ́ má baà mú un, àmọ́ ìyá àgbà kan tó jókòó tì mí ní àfi kó wọ gáréèjì Ìsẹ̀. Wọ́n gbé mi sínú ọkọ̀ Ìkẹ́rẹ́ tó ti fẹ́ lọ. Ọkùnrin rédíò ibẹ̀ wá bi mí lórúkọ dókítà mi. Mo sọ ọ́. Ọjọ́ Ẹtì ni, dókítà náà sì máa ń gba Àkúrẹ́ lọ ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní òun lè ní kí wọ́n dá a dúró lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n òun gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ìyàwó ilé ta ni mí, kó lè gbà pé òótọ́ ni.

Mò ń wo òpó irin yẹn, mò ń rò ó pé ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ epo ni ọ̀rọ̀ mi ń lọ.

Ìyá àgbà náà di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

Mo sọ ilé ọkọ mi. Mo sọ pé oyún ni, pé ẹ̀jẹ̀ ń dà. Ó tún gbogbo rẹ̀ sọ sókè, ketekete, ó ní "ófà."

Àwọn ará gáréèjì Ìkẹ́rẹ́ fi bẹ́ǹṣì dínà Àkúrẹ́, wọ́n sì dá dókítà padà. Ó ti wọ aṣọ iṣẹ́ nígbà tí a dé ilé ìwòsàn rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo gbọ́ ẹkún ọmọbìnrin mi, ó kéré, ṣùgbọ́n ó ń ké.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ìyá ọkọ mi dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò wọlé. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Ùyàwó mi, o kú ewu."

Mo bi í pé ìgbà wo ló ti mọ̀.

"Látùgbà tí wọ́n ti wí i lórí rédíò pé kí wọ́n jẹ́ kí o jókòó níwájú. Mo wí fún ara mi pé bí o bá fẹ́ kí n mọ̀, o ó wí i fún mi."

Mo tún bi í pé ta ló sọ fún. Ó ní òun kò sọ fún ẹnì kan, títí kan ọmọ òun, ìyẹn ọkọ mi. Ó ń wo ọmọ tuntun náà láti ibi tó dúró sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ó ti mọ ohun tí mò ń rò nípa òun láti ọjọ́ tí mo ti ń gbààwẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Ó dùn mí wọ eegun.

"Màmá, ẹ wá gbé e."

"Ṣé kí n gbé e?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó lọ sídìí ike omi, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ó tún un fọ̀. Ó wá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sílẹ̀ níwájú mi kí n wò ó dáadáa, kó tó gba ọmọ náà.