Àgbàlá Tí A Gbá Títí Tí Labalábá Fi Kọ̀ Ọ́

Ní àárọ̀ Sátidé tó kọjá, mo jókòó sí ẹ̀yìn ilé níbí ní Riviera, ní Abidjan, mo ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, nígbà tí òórùn oògùn kòkòrò gba orí ògiri wọlé. Ọkùnrin kan tó gbé agolo oògùn kọ́ ẹ̀yìn ló ń fọ́n ọn sára òdòdó àwọn aládùúgbò mi. Òórùn náà dà bí epo àtùpà tí a pò mọ́ ọṣẹ. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti gbọ́ irú rẹ̀ kẹ́yìn, ṣùgbọ́n imú àgbàlagbà kì í tètè gbàgbé. Mo gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. Ó rẹ̀ mí lójijì, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà jíjìn dé, ọkàn mi sì padà sí àdúgbò wa àtijọ́, Treichville, sí ọdún tí mo pàdánù ọ̀rẹ́ mi Ṣìfáwù nítorí elégédé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbé ilé alájà, tí ẹ kò mọ orúkọ ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ dojú kọ tiyín, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí à ń pè ní kúù. Àgbàlá kan ni, tí yàrá tò yí ká bí eyín inú ẹnu. Ẹnu ọ̀nà kan la ń gbà wọlé, ẹ̀rọ omi kan la jọ ń lò, balùwẹ̀ kan, àti ilé ìdáná onípáànù kan. Ní kúù tiwa, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló pọ̀ jù. Àwọn bàbá wa ń ta abọ́ tánganran lọ́jà, àwọn ìyá wa ń ta ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ń pè wá ní Ànàgó, a sì ń dá wọn lóhùn. Yorùbá la ń sọ nílé, Jùlá lọ́jà, Faransé nílé ẹ̀kọ́. Ọmọ tó bá po mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ láti kí bàbá mi, bàbá mi á ní kó lọ fi omi yọ ẹnu rẹ̀ kó tó padà wá kí òun.

Ohun tí a fi ń ṣe fáàrí jù lọ ni àgbàlá wa tó mọ́. Àgbàlá tó mọ́ nígbà náà ju èyí tí kò ní ìdọ̀tí lọ. Òun ni àgbàlá tí ewé kankan kò hù nínú rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn baba wa, ibi tí koríko bá ti hù níwájú ilé, ahoro ni. Ó túmọ̀ sí pé àwọn onílé ti kú tán, tàbí wọ́n ti sá lọ. Àwọn òbí wa di ìbẹ̀rù yẹn mọ́ ẹrù wọn wá sí Abidjan. Láàárọ̀, àwa ọmọbìnrin á wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má baà sọ, a ó tẹ̀, a ó sì gbá iyanrìn náà títí ojú ìgbálẹ̀ yóò fi hàn lórí rẹ̀ bí irun tí wọ́n fi ìyarun là. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Àgbà, olórí kúù wa, á jáde, á kó ọwọ́ sẹ́yìn, á máa wo ilẹ̀ bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ń yẹ ìwé ọmọ wò. Bó bá rí ewé kékeré kan, á pariwo: “Ta ló fẹ́ sọ ilé mi dahoro?”

Igun kan ṣoṣo ni ìgbálẹ̀ wa kì í dé. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ni, níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà. Màmá Sàlámátù, ìyàwó àgbà Bàbá Àgbà, ló ni ibẹ̀. A máa ń sọ pé ó ń gbin nǹkan sí i, ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́, ó kàn ń fi í sílẹ̀ ni. Èfinrin tí kò já lásìkò á yọ òdòdó wẹ́wẹ́. Ewúro á ga kọjá ògiri, á tanná funfun. Yúnyún á nà sílẹ̀ pẹ̀lú òdòdó ofeefee. Bí oòrùn bá ti ń ta, oyin á máa kùn níbẹ̀, labalábá á sì bo gbogbo rẹ̀: èyí tó pupa bí osùn, èyí tó funfun bí ìwé, àti ńlá dúdú kan tó ní àmì tótòtó aláwọ̀ ewé lápá. Bí ọ̀kan bá ṣìnà wọ yàrá, a ó ní àlejò ń bọ̀, ẹni tó bá sì ní ẹran nínú ìkòkò á yára dé e.

Àwọn obìnrin tó kù ń pe igun náà ní igbó.

“Màmá, ejò á bímọ sínú igbó yín yìí o!”

“Kó bí. Ariwo ejò kò tó ariwo ẹnu yín.”

Ibẹ̀ ni èmi àti Ṣìfáwù máa ń jókòó sí lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Kò tíì pẹ́ tí òun àti àwọn òbí rẹ̀ ti Ọ̀yọ́ dé. Bàbá rẹ̀ ń ránṣọ. Ìyá rẹ̀ jẹ́ obìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í dá sí ìjà ẹ̀rọ omi. Oyún ti bà jẹ́ lára rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dé, gbogbo kúù ló sì mọ̀. Ṣìfáwù mọ bí a ti ń sún mọ́ labalábá. Ó ní kí n rọra máa mí, kí n má jẹ́ kí òjìji mi bò ó. Èmi ni mo máa ń rẹ́rìn-ín, tí yóò sì fò lọ.

Elégédé kan wà tó gun orí páànù ilé ìdáná. Ti gbogbo wa ni. Ewé rẹ̀ la fi ń se ọbẹ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀, èso rẹ̀ la sì ń pa mọ́ de oṣù àwẹ̀. Tí oṣù náà bá lé, wọ́n á sè é, wọ́n á bù ú fún yàrá gbogbo, wọ́n á bù fún àwọn Jùlá tó wà ní kúù kejì àti ìdílé onígbàgbọ́ tó wà ní ìkángun òpópó. Ẹ̀bùn tí a fi ń jẹ́ ará àdúgbò nìyẹn. Kò sí ọdún tí kò so.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, wọ́n ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ Bàbá Àgbà láti Ògbómọ̀ṣọ́. Màmá Sàlámátù wà ní ìlú Bouaké, níbi tó ti ń tọ́jú ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Bàbá Àgbà pe àwọn obìnrin jọ. “Àna mi kò gbọdọ̀ wá bá igbó nílé mi,” ló wí, ọ̀rọ̀ sì parí. Wọ́n kó ọkọ́. Wọ́n hú èfinrin, wọ́n gé ewúro, wọ́n ro yúnyún dànù. Wọ́n wá po epo àtùpà mọ́ omi ọṣẹ, wọ́n wọ́n ọn síbi gbogbo, ògiri pàápàá kò yọ sílẹ̀, kí kòkòrò kankan má baà padà. Ní ìrọ̀lẹ́, igun náà ń dán bí àtẹ́lẹwọ́. Àwọn àna dé, wọ́n wò yíká, wọ́n ní àwọn rí i pé ọmọ ilé rere ni àwọn fẹ́ gbé. Gbogbo wa ló dùn mọ́.

Nígbà tí Màmá Sàlámátù padà dé, ó lọ wo igun rẹ̀, gèlè ìrìn àjò ṣì wà lórí rẹ̀. “Ẹ kú iṣẹ́,” ni gbogbo ohun tó sọ. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ni elégédé bẹ̀rẹ̀ sí í tanná. Òdòdó ńláńlá á là láàárọ̀, á pa dé kó tó di ọ̀sán. Èso wẹ́wẹ́ tó wà nídìí òdòdó á pọ́n, á rà, á já bọ́ sórí páànù. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí lójoojúmọ́, oṣù àwẹ̀ sì ń sún mọ́lé. Wọ́n kọ́kọ́ ní alángbá ni. Wọ́n tún ní oòrùn ni. Nígbà tó yá, wọ́n rántí pé ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ni ìyá Ṣìfáwù máa ń sá aṣọ sí.

Nídìí ẹ̀rọ omi ni mo ti gbọ́ ọ.

“Ọwọ́ kan ń bẹ, tó bá ti kan òdòdó, ó parí.”

“Ohun tí kò dúró nínú ẹni, ṣé ti ìta ni yóò dúró?”

Ìyá Ṣìfáwù gbé korobá rẹ̀ sílẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé èmi lẹ ń bá wí?”

“Ó yá, ẹ wá gbọ́! Ta ló dárúkọ rẹ? Elégédé là ń bá wí.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ń bọ̀, ẹni tó gbé ọmọ lọ́wọ́ á fi aṣọ bo ọmọ rẹ̀ lójú.

Ṣìfáwù sọ fún mi pé tí ẹyọ kan péré bá lè so, ìyá òun kò ní sunkún mọ́, àwọn kò sì ní kó lọ. Nítorí náà, kí gbogbo ilé tó jí, àwa méjèèjì á ti pọn omi sídìí elégédé. Ṣìfáwù á ka Fátíhà sí i, á fẹ́ atẹ́gùn sí gbòǹgbò rẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe fún ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Elégédé náà tutù yọ̀yọ̀. Ó tanná bí ẹni pé wọ́n fún un lówó. Kò so.

Kí oṣù àwẹ̀ tó lé, bàbá Ṣìfáwù gba ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n kó lọ sí Bingerville. Ṣìfáwù kò juwọ́ sí mi. Orí ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá rẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ló fi dì í mú kó má baà ṣubú.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá, mo di olùkọ́. Lọ́jọ́ kan, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa òdòdó, mo sì ya elégédé sójú pátákó torí pé òun ni mo mọ̀ jù. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ó ní òdòdó akọ, ó ní òdòdó abo. Pé oyin àti irú wọn ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú láti ara akọ dé ara abo, pé bí kò bá sí wọn, òdòdó á kàn já dànù ni. Bí mo ti sọ ọ́ tán, ọwọ́ mi dúró lórí pátákó. Ọmọ kan ní, “Mẹ́tíréèsì,” bí wọ́n ti ń pe olùkọ́ obìnrin níbí, “ṣé ó ti tán?” Mo ní ó ti tán.

Mo wá wọn lọ sí Bingerville. Mo bi àwọn tẹ́lọ̀ léèrè títí mo fi dé ilé náà. Ìyá Ṣìfáwù ti darúgbó. Ó jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó dá mi mọ̀, ó sì sọ fún mi pé Ṣìfáwù ti kú sí Ọ̀yọ́, nílé ọkọ, ó ti pẹ́. Mo kí i kú ará fẹ́ra kù. Lẹ́yìn èyí ni mo sọ ohun tó gbé mi wá, ọ̀rọ̀ oyin, ọ̀rọ̀ akọ òdòdó àti abo, pé ọkọ́ àti epo àtùpà wa ló ṣe é, pé kò kan ọwọ́ rẹ̀ rárá. Ó gbọ́ ọ títí dé ìparí, bí àgbàlagbà ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ tó ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ dáadáa.

“O ṣeun,” ló wí. “Ta lo fẹ́ lọ sọ ọ́ fún? Wọ́n ti kú tán.”

Mo gbé ìkòkò èfinrin kan dání wá fún un, mo sì gbé e síwájú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó wo àgbàlá rẹ̀ dáadáa. Kò sí ewé kan níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbá títí dé ìdí ògiri. Ó fi ẹsẹ̀ rọra ti ìkòkò náà padà sọ́dọ̀ mi.

“Gbé e padà, ọmọ mi. Bó bá yè, wọ́n á ní èmi ni. Bó bá kú, wọ́n á ní èmi ni.”

Wọ́n ti wó kúù wa. Ilé alájà ló wà níbẹ̀ báyìí. Ní Riviera, òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń tẹ́ àgbàlá, wọ́n sì ń sanwó fún ẹni tó ń pa kòkòrò. Ìgbálẹ̀ nìkan ló yí padà. Mi ò ní kí ẹ sọ ilé yín di igbó. Olùkọ́ ni mí, mo fẹ́ kí nǹkan wà létòlétò. Ẹ kàn fi igun kan sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èfinrin díẹ̀ tanná kí ẹ tó já a. Bí ẹ bá rí ewé tó lu, ẹ má pariwo. Ọmọ labalábá ló jẹun níbẹ̀, ewé á tún hù. Ẹ má fọ́n oògùn sí òdòdó tó là. Bí nǹkan kò bá sì so, kí ẹ tó wo ojú ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ gé.

Èmi náà fi igun kan sílẹ̀ nílé ọmọ mi tí mò ń gbé níbí. Ó ń ṣàròyé pé àwọn àlejò á ní a kò ní ìgbálẹ̀. Mo ní kí wọ́n wí. Kò pẹ́ rárá tí labalábá fi dé. Wọn kò béèrè ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Wọ́n rí àyè, wọ́n bà. Ènìyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a bá ti lé lọ kì í padà, ibi tó bá lọ ni yóò darúgbó sí.