Ọwọ́ Lábẹ́ Ẹní

Bí mo bá rí ẹní tí wọ́n sá sóòrùn, Alhaja kan tá a jọ wà nínú ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn ilé ìtọ́jú ọmọ ní Sabon Tasha lókè Ọya ni mo máa ń rántí. Kì í jókòó sípàdé láìkọ́kọ́ wọ yàrá àwọn ọmọ lọ tọwọ́ bọ abẹ́ ẹní wọn. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Alhaja, ṣé ẹní kí yín?" Yóò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan nígbà òjò, ó ní, "Omi ń sun nílẹ̀ yẹn, ikọ́ ń ṣe àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ ká wá ẹní tuntun."

Èmi ni mo dáhùn pé, "Ẹ jẹ́ ká kun ilé ná, àlejò ìjọba ń bọ̀."

"Ìyá Bọ́sẹ̀, ṣé àlejò ló máa sùn níbẹ̀?"

Gbogbo àwa yòókù nawọ́ sókè fún ọ̀dà. Alhaja ní, "To," ìyẹn "ó dáa" lédè Hausa.

Kò wá sípàdé mọ́. Ṣùgbọ́n a bá ẹní tó nípọn nílẹ̀ yàrá àwọn ọmọ. Olùtọ́jú ní Alhaja ló kó wọn wá láti ilé rẹ̀. Mo ń sọ pé màá lọ kí i, títí ó fi kó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Látìgbà náà, èmi ni mò ń tọwọ́ bọ abẹ́ ẹní. N kò sọ fún un rí pé òun ló jàre.