Apá Mi Ni Mo Fẹ̀sùn Kàn

Mo yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn tí ìjọ wa ń lò ní Berea, àdúgbò tí à ń gbé nílẹ̀ òkèèrè, ìgúnpá mi ọ̀tún sì ṣẹ́. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi tò ó. Wọ́n fi irin há egungun náà, wọ́n rán an, wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé ó máa pẹ́ kí n tó lè fọwọ́ ara mi ya irun orí mi. Ọkọ mi ò kùn. Òun ló ń fọ̀ mí lẹ́yìn, òun ló ń tẹ ẹ̀bà, òun náà ló ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́ ìṣirò owó tí mò ń ṣe ní Marshalltown, kó tó yí padà lọ sí yunifásítì tó ti ń kọ́ni.

Nígbà tí ooru dé, apá náà ti le, mo sì gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi padà. Ọkọ̀ kékeré ni, ìka kan tó láti fi yí sítíárìn rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dá wà á gba àárín Hillbrow kọjá, tí àwọn takisí ń fọn fèrè mọ́ mi níwá lẹ́yìn, ńṣe ni mò ń rẹ́rìn-ín. Mo ti di èèyàn padà.

Ìgbà tó yá, òtútù wọlé. Abẹ́ ilé tí à ń gbé la máa ń gbé ọkọ̀ sí. Bí o bá ń jáde, o máa gun gẹ̀gẹ̀rẹ̀ kan, o sì máa kọ́wọ́ sí ọ̀tún kíákíá kó o tó bọ́ sí títì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo dé ibi ìkọ́wọ́ yẹn, mo yí sítíárìn, kò yí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì fà á mọ́ra, ó wá ń yí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń yí ọmọ ọlọ. Díẹ̀ ló kù kí imú ọkọ̀ fara gbá ògiri. Nígbà tí mo dé títì ńlá, tí mo sáré díẹ̀, ó tún rọ̀. Nígbà tí mò ń bọ̀ wálé lọ́sàn-án, ó fúyẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Kò sí ohun tí mo rò ju apá mi lọ. Mo ní òtútù ti wọ inú irin tí wọ́n fi há a. Ojoojúmọ́ ló ń ṣẹlẹ̀, àárọ̀ nìkan sì ni. Nígbà mìíràn, iná aláwọ̀ ọsàn kan tó rí bí sítíárìn a tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, a sì tún kú. N kò kà á sí. Apá ló gbà mí lọ́kàn.

Mo sọ fún ọkọ mi. Mo ní, “Dádì, apá yìí tún ti bẹ̀rẹ̀ o.”

Ó gbá a mú bí ẹni gbá ẹyin mú. “Níbo ló ń dùn ọ́?”

“Kò dùn mí. Agbára ni kò ní láàárọ̀.”

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó wa ọkọ̀ náà yí ká Berea, ó padà wálé, ó ní, “Ọkọ̀ ò ṣe nǹkan kan. Ó fúyẹ́ bí ìyẹ́.” Ó wá wo apá mi. Àánú tó wà lójú rẹ̀ dùn mí ju apá tó ṣẹ́ lọ. Láti ọjọ́ náà, ó ń fi aṣọ ìnura àti omi gbígbóná jó apá mi láràárọ̀, ó ń fi òróró ìpara wọ́ ọ, ó sì ń gbàdúrà sí i. Gbogbo ọ́fíìsì wa ló ń gbọ́ òórùn ìpara náà.

Mo padà lọ bá obìnrin tó ń fún mi ní eré ìmárale apá ní ọsibítù. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni, ó fẹ́ràn ẹ̀rín.

“Màámá, ẹ fún ọwọ́ mi dáadáa,” ó ní. Mo fún un. “Eish! Ṣé ẹ fẹ́ ṣẹ́ mi níka ni?”

Ó ní kí n gbé èyí, kí n fa tọ̀hún. Ó wá jókòó, ó bi mí pé, “Ṣé ìkòkò máa ń wúwo fún yín láàárọ̀?”

“Rárá.”

“Báàgì yín ńkọ́?”

“Rárá.”

“Nínú ọkọ̀ nìkan?”

“Nínú ọkọ̀ nìkan.”

“Màámá,” ó ní, “ẹ̀yin àti ọkọ̀ yín lẹ jọ ní ẹjọ́. Apá yìí ò sí níbẹ̀.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ mi wọ kóòtù lé aṣọ tó fi sùn, ó jókòó sídìí sítíárìn, èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní kó ṣe gbogbo ohun tí mo máa ń ṣe: kó tan iná iwájú, kó tan ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru, kó tan èyí tó ń nu ìrì kúrò lójú dígí ẹ̀yìn. A gun gẹ̀gẹ̀rẹ̀ náà. Ní ibi ìkọ́wọ́, mo rí i tí iṣan ọrùn rẹ̀ yọ.

“Háà! Kí lèyí?” Ẹni tó wà lẹ́yìn wa ń fọn fèrè, kò dá a lóhùn. Ó kọjú sí mi. “Mọ́mì, ṣé ohun tó o ti ń bá jà láràárọ̀ nìyí?”

Mo bú sẹ́kún, mo tún ń rẹ́rìn-ín.

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń wá ibi tí wọ́n ń bu epo sítíárìn sí. Kò rí i. Ó wá pe rẹwáyà kan tá a jọ ń jọ́sìn, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe lẹ́yìn Hillbrow. Lọ́jọ́ Sátidé, a gbé ọkọ̀ lọ bá a.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wá epo mọ́,” ó ní. “Irú ọkọ̀ yìí ò lò ó. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń jẹ iná bátìrì ló ń bá yín yí i. Bí iná tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bá dín kù, á jọ̀wọ́ iṣẹ́, á wá ku apá yín nìkan.”

Táyà iwájú ló kọ́kọ́ wò. Atẹ́gùn inú wọn ò pọ̀ tó, ó sì fẹ́ ẹ sí wọn. Ó tan gbogbo iná, ó yí sítíárìn, ó ṣì wúwo. “Mo rò pé òun ni. Kì í ṣe òun.” Ó so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ọkọ̀, ìyẹn sọ pé iná ò dé ọ̀dọ̀ sítíárìn bó ṣe yẹ.

“Ṣé ká kúkú pààrọ̀ sítíárìn náà?” ni ọkọ mi bi í.

“Rárá o. Ẹni tí oúnjẹ ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ ò lè pè é lọ́lẹ. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó dí oúnjẹ lọ́nà.”

Ó wọn bátìrì, ara rẹ̀ le. Ó họ orí. Ó wá kọjú sí mi. “Àǹtí, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n wà jù. Ìgbà wo ló máa ń burú jù?”

Mo sọ fún un pé nígbà tí gbogbo iná bá wà ní títàn ni, àti pé láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo gbàgbé láti tan ẹ̀rọ ooru, ó rọ̀ díẹ̀.

“Ẹ ti bá mi dé ìdí ẹ̀.” Ó ní kí n wọlé, kí n tan gbogbo rẹ̀, kí n máa yí sítíárìn sí ọ̀tún, sí òsì, òun sì fi ẹnu mítà tó fi ń wọn iná kan bátìrì, ó fi ìkejì kan irin ara ọkọ̀. “Ẹ yí i. Ẹ tún yí i.” Lójijì nọ́ńbà ojú mítà fò sókè, ó pariwo, “Shap!”, bí àwọn ará ibí ṣe máa ń sọ tí nǹkan bá bọ́ sí i.

Wáyà dúdú tó nípọn, tó so bátìrì mọ́ irin ara ọkọ̀, ni ó tú. Ìdí rẹ̀ ti bu bí búrẹ́dì tó pẹ́. Ó ní iná kékeré ń rí ibẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n bí sítíárìn bá béèrè tirẹ̀ lórí ti àwọn yòókù, ọ̀nà ò gbà wọ́n. Òtútù àárọ̀ sì tún ń mú kí bátìrì ṣọ̀lẹ. Ó ha irin náà títí ó fi ń dán, ó fi wáyà tuntun sí i.

“Àǹtí, ẹ wá yí i.”

Ọwọ́ ọ̀tún mi nìkan ni mo fi sí i. Ó yí. Mo yí i padà, ó tún yí. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, nínú epo dúdú, mo ń dúpẹ́.

“Ẹ dákun, ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi lẹ jẹ́!” Ó fà mí lápá. Ó fà á gan-an, kò sì dùn mí rárá.

Nígbà tá a délé, mo fi ọwọ́ òsì gbá ìgúnpá mi mú, mo ní, “Pẹ̀lẹ́ o. O ò mọwọ́ mẹsẹ̀.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún un. Mo dúpẹ́ fún obìnrin tó mọ ìbéèrè í bi, fún rẹwáyà tí kò tijú láti sọ pé òun ṣì í, àti fún ọkọ tó fi omi gbígbóná jó apá tí kò ṣàìsàn, tí kò sì sọ ọ́ sí mi lójú rí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, à ń lọ kí ọ̀rẹ́ wa kan ní Pretoria. Mo ní èmi ni mo máa wà á. Láti ìgbà tí mo ti padà sídìí ọkọ̀, bí mo bá ń wà á tó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ọwọ́ mi. Lọ́jọ́ yìí, a ò tíì jìnnà tí mo gbọ́ ohùn kan. Mo bojú wò ó. Ó ti sùn, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó ń hanrun. Nígbà tí mo dé ibi róbọ̀ọ̀tì, iná ojú títì, tó pupa, mo rọra tẹ bíréèkì, kó má bàa jí.