Sílébù Tí Mo Kọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń dirun ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ajangbádì. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Nọ́wè ti gba ìwé tó fi wáṣẹ́ síbẹ̀ wọlé. Ó ku kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní èdè wọn. Ọdún kan ló fi ki íápíìsì bọ etí, tó ń gbọ́ èdè náà bó ti ń dirun. Àwọn oníbàárà a máa bi í pé ẹ̀mí wo ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kọ́ nípa èdè ni mo kà ní yunifásítì. N kò tíì ríṣẹ́. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n pè é, mo gbọ́ ọ tó ń pe sykehjem, orúkọ irú ilé tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́: ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n so pọ̀, aláìsàn àti ilé. Ó tẹnu mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ gan-an, ó wá jẹ́ kí ìyókù rọra tẹ̀ lé e. Mo rò ó. Ilé ni kókó ọ̀rọ̀ náà. Kí ló dé tí a ó fi gbé e mì? Mo gé e sí sílébù mẹ́ta lórí páálí, mo kọ dò, re, mí sórí wọn bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní kíláàsì Yorùbá, mo ní kó máa pàtẹ́wọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo wọn wúwo bákan náà.

"Wọn kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú fóònù o."

"Àwọn yẹn ń kánjú ni, Àǹtí mi."

"Ó dáa. Ìwọ lo kàwé."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ alásopọ̀ tó mọ̀.

Lọ́jọ́ ìpè náà, obìnrin tó pè é ní kó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ, ó tó ìgbà mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà yí sí Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ kejì wọ́n kọ̀wé pé yóò ṣòro fún àwọn arúgbó wọn láti gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ìgbà yẹn ni mo tó yá íápíìsì rẹ̀, tí mo gbọ́ èdè náà fúnra mi láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń tẹnu mọ́. Mo sọ fún un. Mo tún fi kún un pé n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun tó bà á jẹ́ nìyẹn, ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Òótọ́ ni. Ojú sì tì mí bí mo ti ń sọ ọ́.

Kò gbójú sókè lára irun tó ń dì.

"Nítorí náà, èyí tí mò ń sọ tẹ́lẹ̀ tọ̀nà?"

"Ó tọ̀nà, Àǹtí mi."

Mo na íápíìsì náà sí i. Ó ní kí n máa mú un lọ, òun ò nílò rẹ̀ mọ́.