Ojú Owó Tó Bá Raodah Lọ

Bí ẹ bá bi Alhaji Súbérù léèrè ohun tó ń jẹ́ ojú owó, ọwọ́ ni yóò nà sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Trade Fair: páàtì ọkọ̀ láti ilẹ̀ dé òkè àjà, páálí lórí páálí. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi kó wọn jọ. Ẹni bá ní nǹkan mìíràn tún wà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, àríyànjiyàn dé nìyẹn, Súbérù kì í sì í gbà.

Raodah ló ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mẹkáníìkì á fi fọ́tò ohun tó bàjẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù ṣọ́ọ̀bù, Raodah á wò ó fìrí, á sọ ọkọ̀ tó ti wá, ọdún tí wọ́n ṣe é, àti èyí tó lè rọ́pò rẹ̀. Ọdún márùn-ún ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wá ní kí àwọn jọ da òwò náà pọ̀, ẹ̀rín ni ọ̀gá rẹ̀ fi rín in.

"Kí lo fẹ́ mú wá? Ta ló ń fẹnu lásán dókòwò?"

Ó ṣe fíríìdọ̀mù fún un, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n pín mínírà. Súbérù tó ka ara rẹ̀ sí ọlọ́gbọ́n gba fóònù ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó jáde, torí nọ́ńbà gbogbo oníbàárà ló wà níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù dún. Ọláńrewájú ni, mẹkáníìkì kan ní Mazamaza.

"Àǹtí Raodah ti lọ? Ó dáa, Alhaji, sẹ́ńsọ̀ tí mo snap ránṣẹ́ yẹn, èwo ló máa bá a mu?"

Súbérù wo fọ́tò náà títí ojú fi ń ro ó. Ó fún un ní èyí tó jọ ọ́. Kò tó wákàtí méjì tí wọ́n dá a padà. Bẹ́ẹ̀ náà lọ́jọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀ náà lọ́jọ́ kẹrin. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, fóònù ò dún mọ́. Ara Súbérù ò balẹ̀. Á jókòó, á dìde, á tún páálí tò, á lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, á tún wọlé. Inú ń bí i sí Raodah, ó ń bí i sí ara rẹ̀, àyà rẹ̀ sì ń já pé ibi tí ọjà yìí wà náà ni yóò gbó sí.

Lọ́jọ́ kan ló bá gba Kuje tó wà nítòsí Mazamaza lọ, níbi tó gbọ́ pé Raodah ti ń dá ṣiṣẹ́. Tábìlì kan àti fóònù méjì ló wà níwájú Raodah, kò sí páàtì kankan. Àwọn mẹkáníìkì tò sórí bẹ́ǹṣì. Á wo fọ́tò, á kọ nọ́ńbà páàtì sí pépà, á sọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti máa rà á, wọ́n á sanwó fún un, wọ́n á lọ. Súbérù jókòó sẹ́yìn wọn títí ó fi kàn án.

Raodah kúnlẹ̀ kí i. "Ọ̀gá mi, ẹ káàbọ̀. Ṣé kò sí o?"

Ó ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, bó ṣe máa fi owó oṣù gidi fà á padà. Ó pa gbogbo rẹ̀ tì. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Raodah, ọdún mélòó lèèyàn máa fi kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ẹ?"

"Ta ló fẹ́ kọ́ ọ, sà?"

"Èmi ni."

Raodah ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ wá ní Mọ́ńdè, sà. Aago méje àárọ̀ la máa ń gbálẹ̀."