Fíríwíìlì Inú Agolo Pupa

Ẹni tó bá fẹ́ ní kí n dárí ji Gideon, kó kọ́kọ́ fìdí kalẹ̀ síbí kó gbọ́ ohun tí Gideon ṣe. Lẹ́yìn náà kó wá tún un sọ. Mo ti gbọ́ ìwàásù ìdáríjì ní ṣọ́ọ̀ṣì títí etí mi fi kún, mo sì máa ń ṣe àmín pẹ̀lú àwọn tó kù. Àmín ẹnu lásán ni. Ọlọ́run náà mọ̀.

Àtọ́kẹ́ lorúkọ mi. Akínbíyìí tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí, ọkọ mi ni, bàbá Ìtẹ́olúwa. Kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ wà, kì í ṣe Màrúwá o. Ní Port Harcourt yìí, tí o bá ní kẹ̀kẹ́ àtijọ́, irú èyí tí àwọn tíṣà àti akọ̀wé ayé ọjọ́un ń gùn, tí fíríwíìlì rẹ̀ sì kú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n á júwe fún ọ. Irin eléyín ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí ṣéènì ń yí ni fíríwíìlì. Òun ló ń jẹ́ kí èèyàn sinmi ẹsẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ ṣì máa lọ, tí yóò máa dún tẹ́kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́kẹ́. Tó bá kú, wà á títí ọ̀la, lófìfo ni, ojú kan lo wà.

Bàbá Akínlolú, ará Ìlá, ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù Bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Creek Road, láàárín àwọn atúnkẹ̀kẹ́ṣe ìsàlẹ̀ odò. Ọdún 1999 ni ọkọ mi débẹ̀, kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ. Gideon ni ọmọ Bàbá, ó fi bí ọdún márùn-ún ju ọkọ mi lọ. Gideon ò fẹ́ràn iṣẹ́, ariwo iṣẹ́ ló fẹ́ràn. Tí wọ́n bá ń kọ́ wọn, á ní òun ń bọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́. Akínbíyìí ló máa ń jókòó ti Bàbá, tí Bàbá á gbé fíríwíìlì sétí, á dijú, á máa yí i díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Bàbá ò ju báyìí lọ: ka eyín rẹ̀, gbọ́ ohùn rẹ̀, wò ó bóyá ṣéènì bá a mu. Ṣùgbọ́n kí sípánà tó kàn án, ìka ni kó kọ́kọ́ yí i. Tí ìka ò bá lè yí i wọlé ní ìyípo mẹ́ta gbáko, kì í ṣe ti kẹ̀kẹ́ yẹn. Má bá a jà.

Ìdí ni pé tíréèdì, ìlà tí wọ́n fi ń yí i wọlé, wà nínú fíríwíìlì bíi ti ìdérí ìgò. Ìdérí ìgò méjì lè jọra, kí ọ̀kan má ṣe é dé ìgò èkejì. Èyí tí àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ṣe yàtọ̀ sí tàwọn Faransé, ìyàtọ̀ náà ò sì tó irun orí. Ojú ò lè rí i, ìka ló mọ̀ ọ́n. Tí o bá fi tipátipá wé e mọ́ họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, á jẹ tíréèdì họ́ọ̀bù, ó sì parí nìyẹn. Kò sí ẹni tó ń ṣe irú họ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé ìsinsìnyí.

Lọ́dún 2004, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Bàbá, ó mú ẹnu àti apá ọ̀tún rẹ̀. Gideon wá di ọ̀gá lọ́sàn-án gangan. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni Nengi gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá. Obìnrin ni Nengi, búrẹ́dì ló ń fi kẹ̀kẹ́ gbé kiri. Ó fi í sílẹ̀ láàárọ̀, ó wá gbé e nírọ̀lẹ́, kò mọ ẹni tó fọwọ́ kàn án. Gideon ló fọwọ́ kàn án. Ọkọ mi ò tilẹ̀ sí ní ṣọ́ọ̀bù, ó lọ bu omi fún Bàbá nílé.

Lọ́jọ́ kejì, Nengi dìde dúró lórí pẹ́dà láti gun òkè kan tòun ti búrẹ́dì rẹ̀. Fíríwíìlì já kúrò. Obìnrin náà wó lulẹ̀, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣẹ́, wọn ò sì tò ó dáadáa. Títí dòní ó wọ́.

Nígbà tí àwọn atúnkẹ̀kẹ́ṣe jókòó lé ọ̀rọ̀ náà, Gideon na ọwọ́ sí ọkọ mi. Ó ní, "Bíyìí ló tún un ṣe." Ó gbé Bíbélì, ó fi búra! Wọ́n gbé Bàbá wá síbẹ̀ lórí àga. Bàbá mọ̀. Ojú Bàbá ń ṣomi, ẹnu ò ṣí. Wọ́n lé ọkọ mi kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ ẹnikẹ́ni ní ìsàlẹ̀ odò mọ́. Nígbà tí Bàbá kú lóṣù kẹta lẹ́yìn náà, Gideon dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní adánilápá ò ní gbé òkú bàbá òun. Ẹ gbọ́ mi? Ọkọ mi tó ń wẹ̀ fún Bàbá! Èmi tí mo gbé oúnjẹ ìsìnkú dání, ẹnu ọ̀nà ni mo da gbogbo rẹ̀ sí, mo sì gégùn-ún fún Gideon tìran-tìran. N kò tíì mú ègún náà kúrò.

Ọkọ mi lọ sí èbúté Onne, ó ń bá wọn já ẹrù nínú kọ̀ǹténà. Ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti ṣe tirẹ̀. Àwọn kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ń wọlé láti ìlú òyìnbó, èyí tó bá ti fọ́, wọ́n á dà á nù. Akínbíyìí á tú fíríwíìlì wọn, á fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, á kó o sínú agolo mílíìkì. Ó kun agolo kan ní funfun, ó kun èkejì ní pupa. Ti Gẹ̀ẹ́sì ló wà nínú funfun, dúdú ni wọ́n, òróró ti gbó mọ́ wọn lára. Ti Faransé ló wà nínú pupa, wọ́n ń dán bí owó tuntun. Ẹni tí ò mọ iṣẹ́, ti inú pupa ló máa wù ú.

Lọ́dún 2015 ó kúrò ní Onne, ó tẹ́ tábìlì sí àgbàlá wa lẹ́yìn Rumuibekwe. Àwọn ará báǹkì àti ilé iṣẹ́ epo ló kó kẹ̀kẹ́ àtijọ́ wá bá a, àwọn tó ń gùn ún láàárọ̀ Sátidé fún ìgbádùn. Gbogbo ẹni tó bá ra fíríwíìlì ló máa ń sọ fún: "Ìka ni kó kọ́kọ́ yí i o." Kó o jẹ́ dókítà, kó o jẹ́ ọmọdé, á sọ ọ́.

Ó di ọdún 2019. Ẹgbẹ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́ Sátidé yìí ń wá ẹnì kan tí yóò máa bójú tó gbogbo kẹ̀kẹ́ wọn. Ayọ̀fẹ́mi, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, ni olórí wọn. Ó wá jókòó sọ́dọ̀ wa, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, kò fẹ́ sọ ọ́.

"Bàbá Ìtẹ́, ẹ má bínú. Bọ̀dá Gideon náà fẹ́ iṣẹ́ yìí. Ó ní ẹ dá obìnrin kan lápá nígbà kan rí."

Ọkọ mi ní, "Ẹ ní kó wá síbí ní Sátidé. Kí gbogbo ẹgbẹ́ wá."

Èmi ní tèmi, mo ránṣẹ́ sí Nengi pé a fẹ́ búrẹ́dì ogún lọ́jọ́ náà. N kò sọ ilé ẹni tó jẹ́ fún un. Mo fẹ́ kó wà níbẹ̀ ni, kó fojú ara rẹ̀ rí ẹni tó mọ iṣẹ́.

Sátidé dé. Gideon wọlé, ó ti sanra, ó wọ fìlà òyìnbó. Kẹ̀kẹ́ tó ń tì bọ̀ ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀: kẹ̀kẹ́ Bàbá Akínlolú fúnra rẹ̀, ti Gẹ̀ẹ́sì, aláwọ̀ ewé, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Fíríwíìlì rẹ̀ ti kú. Ó ti wá òmíràn káàkiri ọjà, tuntun tó ń rí, eyín wọn tín-ín-rín jù fún ṣéènì Bàbá. Ó fẹ́ kó jẹ́ pé òun ló máa gun kẹ̀kẹ́ bàbá òun ṣíwájú ẹgbẹ́ lọ́jọ́ náà, kí gbogbo wọn rí i.

Kò kí mi. Ó ní, "Bíyìí, kó fíríwíìlì tó o ní wá. Tà á fún mi ni, èmi fúnra mi ni mo máa dè é. Àwa la ni iṣẹ́."

Nengi ti wọlé lẹ́yìn Gideon pẹ̀lú búrẹ́dì rẹ̀, Gideon ò rí i. Bó ṣe rí ọkọ mi, ó lejú, ó fẹ́ padà. Ayọ̀fẹ́mi ló bá mi bẹ̀ ẹ́ kó dúró.

Akínbíyìí da agolo méjèèjì sórí ìwé ìròyìn. Funfun lápá kan, pupa lápá kejì. Gideon ò wo àwọn dúdú lẹ́ẹ̀mejì. Ó mú ọ̀kan tó ń dán, ó ka eyín rẹ̀ sókè kí wọ́n lè gbọ́: méjìdínlógún, ó pé. Ó yí i sétí bíi ti bàbá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ohùn rẹ̀ dáa lóòótọ́.

Ọkọ mi wò mí. Ẹnu rẹ̀ ti ń ṣí. Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ, nítorí ojoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ ọ. Mo mi orí fún un pé rárá. Ó pa ẹnu dé.

Gideon fi fíríwíìlì sórí họ́ọ̀bù. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ó há. Ó gbé sípánà ńlá, kò lọ. Ó ki páìpù gígùn bọ ìdí sípánà, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Irin ké bí ajá tí wọ́n tẹ̀ nírù. Ayọ̀fẹ́mi ní, "Bọ̀dá, ṣé kò ní bàjẹ́?"

Gideon ń làágùn, ó fi Pidgin dáhùn kí gbogbo wọn lè gbọ́: "Madam, I sabi this work! E go enter. Na so that bread woman own strong that year, na pipe I take carry am enter!"

Ẹnu ara rẹ̀ ló fi jẹ́wọ́ pé páìpù lòun fi wé ti obìnrin oníbúrẹ́dì wọlé lọ́dún yẹn.

Nengi gbé tíréè rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Gideon. Which bread woman?"

Gideon gbé ojú sókè. Ó rí i. Ó rí ọwọ́ tó wọ́. Ó ṣì di páìpù mú, bó sì ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ ni ìwúwo ara rẹ̀ tẹ páìpù náà wálẹ̀, *gbàù!* Fíríwíìlì fò kúrò. Ẹ̀rún irin tíréèdì dà sórí ìwé ìròyìn.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tiẹ̀ ò tilẹ̀ pé ogún, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni! Mo patẹ́wọ́. Mo ké, "Aṣeni ń ṣe ara rẹ̀!" Inú mi dùn, n kò ní purọ́ fún yín. Ó dùn ju ọjọ́ tí mo bímọ lọ.

Akínbíyìí ò pariwo. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bọ̀dá Gideon." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gideon fẹsẹ̀ rìn jáde, fìlà lọ́wọ́, ó fi kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

Nengi fi ọwọ́ tó wọ́ yẹn di ọwọ́ ọkọ mi mú. "Oga, fifteen years I dey curse you every morning." Ọkọ mi ní, "E don pass, my sister." Òun ló sọ pé ó ti kọjá. Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ayọ̀fẹ́mi gbé iṣẹ́ ẹgbẹ́ fún un lójú gbogbo wọn, a sì jẹ búrẹ́dì.

Lọ́sàn-án, nígbà tí gbogbo èrò lọ tán, mo gbé ìrẹsì jáde sí i, mo ṣì ń kọrin. Ó jókòó sílẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Bàbá lórí itan rẹ̀. Ó ń fi ìka yí ara họ́ọ̀bù náà po, yípo, yípo. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ó ti dán bọ̀rọ́. Ó ń sunkún.

Mo ní, "Kí ló dé? Ṣé a ò ti borí?"

"Ìyá Ìtẹ́, ara họ́ọ̀bù yìí gan-an ni Bàbá ti di ìka mi mú tó fi kọ́ mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́." Ó nu imú. "Gbólóhùn kan péré ni. Gbólóhùn Bàbá fúnra rẹ̀. Mo gbé e mì kí n lè fi ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín."

Kò sọ pé èmi ni mo mi orí fún un. Kò tíì sọ ọ́ títí dòní. Ìrẹsì tutù síbẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ náà wà lẹ́yìn ilé wa. Gideon ò wá gbé e, ọkọ mi ò sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ mìíràn sí i. Ní báyìí, tí oníbàárà bá ra fíríwíìlì, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń sọ ọ̀rọ̀ Bàbá fún un, tó bá sì ń sọ ọ́, kì í wo ọ̀dọ̀ mi. N kò tíì tọrọ ìdáríjì lórí ti Gideon, kó máa jẹ ìyà rẹ̀ lọ. Bàbá Akínlolú ni mo máa ń bẹ̀, láàárọ̀, tí mo bá gbálẹ̀ dé ibi tí kẹ̀kẹ́ náà fẹ̀yìn ti.