Ọ̀já Tí Mo Fi So Màmá Mọ́ Àga

Láàárín àwọn ọdún 1990, ìyàwó àbúrò bàbá mi, tí mò ń pè ní Àǹtí, mú mi wá sí Sharjah, ìlú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dubai. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ojú máa ń tì mí débi pé tí àlejò bá wọlé, ilé ìdáná ni mò ń sá lọ. Àǹtí ń ra ọjà ní Deira, àdúgbò ọjà ní Dubai, wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí Èkó. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n dúró ti Màmá, ìyá tó bí Àǹtí, tí ọjọ́ orí ti mú kí wọ́n máa gbàgbé nǹkan.

Màmá lè dìde lójijì kí wọ́n ní àwọn ń lọ pọn omi. Ilé alájà mẹ́jọ là ń gbé. Lọ́jọ́ kan, ẹnu àtẹ̀gùn ni mo ti bá wọn, ẹsẹ̀ kan ti wà nísàlẹ̀. Látìgbà náà, mi ò lè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin ará Íńdíà kan wà nísàlẹ̀ ilé wa tó ń ránṣọ, tó ní kí n máa wá kọ́ṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́sàn-án. Mo fẹ́ iṣẹ́ yẹn gan-an.

Ni mo bá mú ọ̀já nínú àpótí Àǹtí, mo fi yí àyà Màmá ká, mo so ó mọ́ ẹ̀yìn àga. Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ bá mi jà. Mo wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí wọn létí.

“Màmá, ẹ má dìde o. Ọmọ ń sùn lẹ́yìn yín.”

Ojú wọn rọ̀. “Ọmọ ta ni?”

“Ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà, mà.”

“Ó dáa. Máa lọ. Má pariwo.”

Mo sáré sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí mo fi máa padà dé lẹ́yìn wákàtí kan, bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀ ni wọ́n wà. Wọ́n jókòó ṣánṣán, wọn ò fẹ̀yìn ti àga rárá, kí wọ́n má baà tẹ ọmọ pa. Wọ́n ti tọ̀ sára. Wọ́n fi ìka sí ètè, wọ́n ní ó ṣì ń sùn. Èmi rẹ́rìn-ín. Mo rò pé mo gbọ́n ni.

Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, mo sì máa ń tú ọ̀já náà kí Àǹtí tó wọlé. Ní ìrọ̀lẹ́, Àǹtí á máa fi òróró pa ẹ̀yìn ìyá wọn. Wọ́n á ní, “Ẹ̀yìn yìí fẹ́ pa Màmá o. Àgbà ti dé.” Èmi ni mò ń bá wọn di ìgò òróró náà mú.

Ní ọ̀sán Jímọ̀ kan, àwọn oníṣòwò méjì wá jẹun nílé wa: Alhaja kan, àti ọkùnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Bùrọ̀dá, tó gba London wá. Ó mú kásẹ́ẹ̀tì fídíò dání, ètò tẹlifíṣàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan.

“Yalla, ó yá, ẹ jókòó,” ó ní, “ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílùú ọba.”

Ó ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Obìnrin oníròyìn kan ti gba iṣẹ́ ní ilé tí wọ́n ń kó àwọn arúgbó sí. Ó fi kámẹ́rà pamọ́ sínú báàgì, ẹnikẹ́ni ò mọ̀. A rí ìyá òyìnbó kan tí wọ́n fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì so mọ́ àga, tó ń pe èèyàn, tí ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn.

Alhaja fò dìde. “Ẹ̀yin ìkà! Ìyá èèyàn kọ́ nìyẹn?”

“Alhaja, ẹ rọra o, ẹ má lu tẹlifíṣàn oní-tẹlifíṣàn,” Bùrọ̀dá wí.

“Fi mí sílẹ̀ jàre! Ṣé ọmọ tiwa lè ṣe irú èyí?”

Níparí, oníròyìn náà lọ dúró lẹ́nu géètì de òṣìṣẹ́ tó so ìyá náà. Ọmọbìnrin kékeré ni, kò jù mí lọ. Ó fi báàgì bojú. Bùrọ̀dá ní ó ń sọ pé ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni, òun fẹ́ lọ jẹun ni. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé wákàtí kan ni tèmi.

Àǹtí nawọ́ sí mi níbi tí mo dúró sí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. “Tiwa rèé. Kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo bí Màmá ṣe mọ́ tónítóní.”

Alhaja gbé ọwọ́ lé mi lórí. “Bó o ṣe ń tọ́jú wọn yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tìrẹ á ṣe tọ́jú ẹ. Ṣàmín!”

“Àmín, mà.”

“Ọkàn mi ti balẹ̀,” Àǹtí wí. “Mo lè lọ gba ẹrù ní Èkó fún oṣù kan, kí n fi Màmá sílẹ̀ fún un.”

Oṣù kan. Mo mọ ara mi. Mo mọ̀ pé tí ẹnikẹ́ni ò bá máa wọlé nírọ̀lẹ́, màá pẹ́ nísàlẹ̀ ju wákàtí kan lọ.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ, mo bá Àǹtí ní yàrá, wọ́n ń to aṣọ sínú báàgì. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ ọ̀já náà lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé tí mo bá dúró mi ò ní lè parí rẹ̀.

“Kí lo sọ fún wọn tí wọ́n fi jókòó?”

“Mo ní ọmọ ń sùn lẹ́yìn wọn, mà.”

Mo retí ìgbátí. Kò wá. Àǹtí jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. “Ẹ̀yìn tí mò ń fi òróró pa,” wọ́n sọ, bíi pé ara wọn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n lọ sí pálọ̀, wọ́n jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyá wọn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Wọ́n mú Màmá dání lọ sí Èkó. Àǹtí nìkan ni wọ́n padà wá; wọ́n fi Màmá sílẹ̀ sọ́dọ̀ ẹbí níbẹ̀. Wọn ò lé mi, wọn ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mò ń se oúnjẹ, mò ń gbálẹ̀.

Alhaja tún wá. Ó ní ìyá òun ti dàgbà ní Ìbàdàn, òun ò rí ẹni gidi tó máa dúró tì wọ́n, ṣé mo lè lọ, òun á ṣe dáadáa sí mi. Àǹtí ń wo ilẹ̀.

Mo ní mi ò lè ṣe é.

“Kí ló dé? Irú ìwọ là ń wá kiri!”

Mo gbé ife tíì Alhaja, mo lọ sí ilé ìdáná, mo dúró síbẹ̀ títí mo fi gbọ́ tí Alhaja jáde, tó ti ilẹ̀kùn.